Ìjì Kò Tẹ̀lé Àbúrò Mi

Gbólóhùn kan wà tí mi ò fẹ́ fi etí mi gbọ́ mọ́: "Ìjì yẹn tẹ̀lé e ni." Wọ́n sọ ọ́ nínú pálọ̀ ọmọ mi ní Tucker, lẹ́bàá Atlanta ní Georgia, nígbà tí wọ́n wá bá wa kẹ́dùn. Wọ́n sọ ọ́ lórí fóònù láti Ìbàdàn. Wọ́n sọ ọ́ níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á pòṣé, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Mama, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí o. Ó sá kúrò níbi tí ìjì ń lọ, ìjì sì tẹ̀lé e wá síbi tó sá sí." Lẹ́yìn náà wọ́n á tún bu ráìsì.

Mo mọ orúkọ gbogbo àwọn tó sọ ọ́. Mo mọ orúkọ bàbá wọn, mo sì mọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n tó di Uncle àti Aunty nílẹ̀ yìí. Ọmọ mi ní kí n má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbí, pé ẹbí kan náà ni gbogbo wa, pé a ṣì máa pàdé. Mo gbà. Kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé mi ò gbàgbé. Ìjì náà pàápàá ní orúkọ. Bí ẹni ń sọ ọmọ tuntun lórúkọ ni wọ́n ṣe ń sọ ìjì lórúkọ ní Amẹ́ríkà, orúkọ ọmọlúwàbí ni wọ́n sì fún èyí tó pa àbúrò mi. Mi ò ní kọ ìyẹn náà. Bí àbúrò mi kò bá lè ní orúkọ nínú ìwé yìí, kò sí ìdí tí ìjì á fi ní.

Òun ni ìyá wa bí lé mi. Ọ̀dọ̀ àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ọkùnrin ló ń gbé, ní Tallahassee, ìlú kan ní Florida tí kò jìnnà sí òkun. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà. Bí ìjì bá ń bọ̀, ibi iṣẹ́ ni wọ́n máa ń mú àwọn nọ́ọ̀sì sùn títí ìjì á fi kọjá. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ, kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ló sábà máa ń wà nílé. Obìnrin tí kì í pariwo ni. Mummy Àgbà ló máa ń pè mí.

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ó pè mí láàárọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Mummy Àgbà. Hurricane kan ń bọ̀, ọ̀dọ̀ wa gan-an ni àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ fa ìlà rẹ̀ sí. Ọmọ yín ò lè kúrò lẹ́nu shift. Mo fẹ́ gbé Mummy wá sọ́dọ̀ yín."

"Gbé e wá. Ìwọ náà má padà."

"Wọ́n ń bá mi jà mà. Wọ́n ní àwọn ò lè torí òjò fi ilé sílẹ̀."

"Gbé fóònù fún un."

Àbúrò mi gba fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá ọmọ yìí lóhùn. Òjò tó ti rọ̀ sí mi lórí kí n tó dé Amẹ́ríkà ò kéré."

"Wọ mọ́tò."

"Ẹja mi wà nínú fíríìsà."

"Gbé ẹja náà wá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹja yẹn ló jẹ́ kó gbà.

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí fi èyí tó kàn sọ́kàn. Kí wọ́n tó kúrò nílé, àkọ́bí àbúrò mi náà pè wọ́n, obìnrin, tó ń gbé ní Riverdale níbí, tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Èmi náà wà lórí fóònù, nítorí ọmọ mi ti so fóònù gbogbo wa pọ̀. Ó bá ìyàwó àbúrò rẹ̀ wí pé, "Kí lẹ tún ń dúró dè? Gbé Mummy wá sí Atlanta. Hurricane ò lè dé Atlanta láyé." Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ọmọ tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí hurricane bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó ti kú nìyẹn. Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni nǹkan olómi ń wá níbi tí kò sí òkun?

Ó ti di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó dé, nítorí gbogbo Florida ló dà sórí highway. Àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kúlà ẹja rẹ̀, ó wò mí tìsàlẹ̀ tòkè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti rù. Ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ nílé yìí ni?"

"Ìwọ tí o sá fún òjò, wọlé kí o jókòó."

"Èmi kọ́ ni mo sá. Ìyàwó yín ló jí mi gbé."

Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kó bàgì. Yàrá àlejò tó wà lẹ́yìn ni a fún wọn. Bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ fẹ̀, àbúrò mi sì ní kí ọmọ náà gòkè wá, kí àwọn jọ sùn. Kò gbà. Ó tẹ́ aṣọ ìbora sórí kápẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ dára. Ọmọ tí wọ́n ṣì kọ́ báyìí kò pọ̀ mọ́, ọmọ tí kì í bá ìyá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Àbúrò mi ní, "Bí òtútù bá mú ọ, má pè mí o." Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó ti ilẹ̀kùn.

Òjò ti ń rọ̀ kí ìjì fúnra rẹ̀ tó dé. Ó rọ̀ títí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé fi rọ̀ bí ẹ̀kọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ dé, iná sì lọ, ṣùgbọ́n gáàsì ni ọmọ mi fi ń dáná, nítorí náà ìyàwó dìde kó lè po ògì. Àbúrò mi kì í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láìmu ògì gbígbóná. Mo bá a ní kíṣìnì, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó padà sídìí ìkòkò. Ó ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí igi ńlá ẹ̀yìn ilé wó lu yàrá yẹn. Kò dún bí àrá. Ó dún bíi kí tírélà da òkúta sínú ilé. Ọmọ náà sáré lọ pẹ̀lú ṣíbí ògì lọ́wọ́, ó ń fi ọwọ́ kejì fa ẹ̀ka igi. Títí àwọn panápaná fi dé, títí wọ́n fi gbé àbúrò mi jáde, kò ju ṣíbí yẹn sílẹ̀. Ògì ti gbẹ mọ́ ọn. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ máa fi dé láti Tallahassee, ọ̀rọ̀ kan ló ń wí. Ó ní ilé àwọn wà bó ṣe wà, pé ìkòkò òdòdó ẹnu ọ̀nà àwọn kò tilẹ̀ ṣubú. Ìbànújẹ́ ló mú un sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn gbá ìkòkò òdòdó yẹn mú bí ẹ̀rí ní kóòtù. Wọ́n ní, ẹ ò rí i? Ibi tí ìjì ń lọ, ìkòkò ò ṣubú. Ibi tí ìjì ò lè dé, èèyàn kú. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyàwó. Ta ló ní kí Mama kúrò nílé? Ìyàwó ni. Ta ló wa mọ́tò? Ìyàwó ni. Ta ló dìde kúrò nínú yàrá kí igi tó wó? Iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ pé kí ìyàwó máa jí ṣe, òun ni wọ́n wá sọ di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn.

Látìgbà tí a ti sin àbúrò mi, mi ò wo nǹkan mìíràn lórí tẹlifíṣọ̀n ju ibi tí wọ́n ti ń sọ nípa ojú ọjọ́. Ọmọ mi ní kí n pa á, pé ó ń tú mi lójú ọgbẹ́. Mi ò pa á. Mo fẹ́ mọ nǹkan tó gba àbúrò mi lọ́wọ́ mi. Ìjì yẹn kì í tilẹ̀ dá rìn. Ooru omi òkun ló ń bọ́ ọ, afẹ́fẹ́ ńlá tó wà lókè ló sì ń gbé e lọ, bí odò ṣe máa ń gbé igbá lọ. Bí odò bá yà, igbá á yà. Bí odò kò bá ṣàn, igbá á máa yí lójú kan, á máa da òjò sórí ìlú kan náà. Ó lè rọra rìn bíi tèmi, ó sì lè sáré bí mọ́tò. Òótọ́ ni pé bó bá ti kúrò lórí òkun, oúnjẹ rẹ̀ ti tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ń sáré kì í tètè dúró. Èyí tó kọ lù wá sáré. Kó tó rẹ̀ ẹ́, ó ti la Georgia já. Òjò tó rán ṣáájú ti tú gbòǹgbò igi sílẹ̀, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù fún un tó láti wó o. Ní ti Tallahassee, ìlà tí wọ́n fà yẹn kì í ṣe ojú irin rélùwéè. Afẹ́fẹ́ òkè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ kó tó gúnlẹ̀. Díẹ̀ yẹn ló gba ìkòkò òdòdó wọn là. Òmíràn tún wà tí kì í gba ilẹ̀ rárá, á yí padà lórí omi, á gbọ̀nà ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ìhà kejì òkun. Ṣé ẹnì kan ló tún sá lọ síbẹ̀ ni?

Bí a ṣe ń múra àdúrà ogójì ọjọ́, àkọ́bí àbúrò mi pè wá sílé rẹ̀ ní Riverdale. Èmi àti ọmọ mi la lọ. A bá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin níbẹ̀, bàgì aṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ti kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Alàgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn náà jókòó, mi ò mọ ẹni tó pè é.

Àkọ́bí yìí ní, "Aunty, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kàn ń béèrè ni."

"Béèrè."

"Àwọn méjì ló sùn nínú yàrá. Igi wó, ẹnì kan ló kú. Kí ló jí ẹnì kejì?"

"Ògì."

"Aunty, mi ò ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré. Ta ló ń po ògì fún ìyá rẹ ní Tallahassee lójoojúmọ́? Ṣé láti Riverdale lo ti ń po ó ránṣẹ́?"

Ọmọ mi wo ilẹ̀ kó má baà rẹ́rìn-ín. Alàgbà wúkọ́. Ó ní, "Mama, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọmọ olómi ni àwọn Ìlàjẹ. Ọ̀rọ̀ omi àti afẹ́fẹ́ ò ṣàjèjì sí wọn."

Inú bí mi. Mo ní, "Alàgbà, bí wọ́n bá lágbára lórí omi tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí òkun fi ń jẹ ilẹ̀ wọn? Inú òkun ni ilé bàbá ọmọ yìí wà lónìí. Ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí òkun gbé e lọ. Òun nìkan ló bẹ̀rù omi nínú gbogbo wa, òun nìkan ló sì tètè múra. Ẹ̀yin tí ẹ ò bẹ̀rù, kí lẹ ṣe?"

Mo wá rò pé bí mo bá ṣàlàyé ọ̀nà ìjì fún wọn, wọ́n á yé sọ ìsọkúsọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní ọ̀pọ̀ ìjì wọ̀nyí, òjò àti àrá kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń jẹ́, lórí ilẹ̀ Áfíríkà tiwa lọ́hùn-ún. Afẹ́fẹ́ á kó wọn já sórí òkun, wọ́n á máa bọ̀ níhìn-ín, omi gbígbóná á sì máa bọ́ wọn títí wọ́n á fi di ńlá.

Mi ò tíì parí rẹ̀ tí Alàgbà fi pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o. Mama fúnra wọn ló sọ ọ́. Láti ilé ló ti wá."

Àkọ́bí sì mi orí. "Láti ilé," lòun náà wí.

Mo wò wọ́n. Mo ti gbé ọ̀nà tí mo fi oṣù kan wò fún wọn, wọ́n sì ti fi ṣe pàṣán tí wọ́n máa fi na ọmọ ọlọ́mọ. Mo yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mummy Àgbà, ó ti sú mi."

"Ìyàwó rẹ?"

"Ọ̀rọ̀ náà mà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a parí rẹ̀. Ó ní ìyàwó kò gbọ́dọ̀ wá síbi àdúrà, pé lẹ́yìn àdúrà àbúrò òun á kó ẹrù obìnrin náà fún un, kálukú á wá ọ̀nà tirẹ̀. Ọkùnrin náà dorí kodò. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ tú ilé àbúrò mi ká, ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ènìyàn jọ sí, wọ́n sì ní àwọn ń ṣe ìrántí rẹ̀.

Ìgbà tí mo délé ni mo pe ìyàwó, mo ní kó wá síbi àdúrà.

"Mummy Àgbà, ṣé kí n wá lóòótọ́? Wọ́n á lé mi mà."

"Máa bọ̀. Aṣọ tí ìyá ọkọ rẹ rà fún ọ ni kí o wọ̀."

Lọ́jọ́ àdúrà, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Riverdale kún. Wọ́n to àga àwọn ọmọ olóògbé síwájú, kò sí tirẹ̀ níbẹ̀. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, àwọn kan dá a lóhùn, àwọn kan ń wo fóònù wọn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lọ sẹ́yìn níbi tí wọ́n kó àga pọ̀ sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín omi fún àwọn àlejò bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́.

Nínú ẹbí wa, àgbà tó bá kù ló ń gbàdúrà, a kì í sì í gbà á ní àgbájọ. Orúkọ la fi ń gbà á. Wàá bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí títí dé orí ìyàwó tí wọ́n fẹ́ kẹ́yìn, wàá dá orúkọ kálukú pè, ẹni tí a bá pè á ṣe àmín tirẹ̀. Bí ìyá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò sí orúkọ tí mo lè gbàgbé. Èmi ni wọ́n wá gbé máìkì fún, oúnjẹ ò sì lè jáde kí n tó ṣe tán.

Mo ní, "Mi ò ní bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn tí mo máa pè kò tíì jókòó."

Àkọ́bí rọra sọ̀rọ̀ láti ibi tó wà. "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Ìwọ náà wò mí. Ìjì yẹn kò dúró lórí ilé wa. Ó gba orí wa kọjá lọ sí ìlú àwọn tó ń gbé lórí òkè ńlá, níbi tó jìnnà sí òkun jù wá lọ. Ó gbé ilé lọ níbẹ̀, ó pa èèyàn níbẹ̀, a jọ rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó ta ló rán an sí wọn? Àbí Ìlàjẹ ni gbogbo ìyàwó tí àwọn yẹn náà fẹ́?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára dákẹ́.

"Ó kù ẹyọ kan. Ẹnì kan wà níwájú níbí tó pe ìyàwó lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn pé kí ló ń dúró dè, kó gbé Mummy wá sí Atlanta. Mo gbọ́ ọ. Mi ò pè é ní apànìyàn, nítorí ire ló ń rò. Ṣé òun nìkan ló lè ro ire ni? Bí ẹ bá fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ orúkọ láti orí rẹ̀, mo ti ṣe tán."

Àkọ́bí fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú bí ẹni tí ooru mú. Àbúrò rẹ̀ ló dìde. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó rìn lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó yọ àga kan lára èyí tí wọ́n tò lé ara, ó gbé e wá síwájú, ó là á sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ìyàwó ṣì mú ìgò omi lọ́wọ́. Èmi ló ń wò.

"Gbé omi yẹn sílẹ̀," ni mo wí. "Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ."

Ó jókòó. Mo wá gbàdúrà bí ìyá wa ṣe ń gbà á. Nígbà tí mo dé orí orúkọ tirẹ̀, kò lè ṣe àmín, ọkọ rẹ̀ ló bá a ṣe é. Mo mọ àwọn tó ṣe é pẹ̀lú wọn. Mo mọ ẹni tí kò ṣe é.

Bàgì aṣọ ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ní Riverdale, ó ti padà sí Tallahassee. Wọ́n ti gé ìyókù igi ẹ̀yìn ilé wa. Lọ́jọ́ Àìkú, bí ìyàwó bá pè mí, a máa ń sọ̀rọ̀ àbúrò mi, ẹja rẹ̀, ẹnu rẹ̀. Kò bi mí léèrè àkọ́bí rí.

Àsìkò ìjì tún ti dé báyìí. Wọ́n ní ọ̀kan ti kúrò létí Áfíríkà, ó ti wà lórí omi. Àná, àkọ́bí pè mí láti Riverdale. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè orúnkún mi, ó wá ní, "Aunty, ẹ̀yin lẹ máa ń wo nǹkan yẹn. Ṣé èyí máa dé ọ̀dọ̀ wa?"

"Bi ìyàwó àbúrò rẹ. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

Ó ní, "Ó dáa, Aunty. Mo ń pè yín padà."

Mo bi ìyàwó láàárọ̀ yìí bóyá ẹnikẹ́ni pè é láti Riverdale. Ó ní rárá mà, kò tíì sí. Mo tan tẹlifíṣọ̀n. Ìjì náà ṣì jìnnà, wọn ò tíì mọ ibi tó máa yà sí.